Ìyá Àgbà Tó Ń Gbọ́ Jìtá fún Bàbá Mi

Láti ìgbà tí a ti sin Ìyá Àgbà, ohun kan náà ni àwọn tó ń wá kí wa ń sọ. Wọ́n á ní obìnrin tó le ni, wọ́n á ní kì í gba ìgbàkugbà, wọ́n á ní kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ ẹ. Èmi á ní àmín. Àmín ti rẹ̀ mí lẹ́nu. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé kò le, torí ó le lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn àlejò bá ti lọ, tí mo wọ yàrá tó ń kó ọjà sí, tí mo fẹ̀yìn ti ìdì aṣọ, kì í ṣe líle rẹ̀ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ohun tó ṣe nítorí jìtá ni, jìtá tí kò fẹ́ràn rárá.

Sàfúrátù lorúkọ rẹ̀. Ìyá Mùsílíù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí Mùsílíù, bàbá mi, nìkan ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún un nínú gbogbo ọmọ tó bí. Ìyá tèmi kú nígbà tí mo wà lọ́wọ́, Ìyá Àgbà ló sì tọ́ mi dàgbà. Ìsàlẹ̀ Èkó nilé wa, nínú ọ̀nà tóóró kan tí ẹni méjì tó ru ẹrù kò ti lè pàdé kí ọ̀kan má fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Aṣọ ló ń tà. Yàrá ńlá tó wà nísàlẹ̀ ilé ló ń kó wọn sí, àǹkárá, dàmáásìkì, àdìrẹ, àti ìdì aṣọ funfun, lórí ara wọn láti ilẹ̀ títí dé àjà, tí wọ́n fi bo gbogbo ògiri. Bí ènìyàn bá wọ ibẹ̀ tó sì ti ìlẹ̀kùn, ariwo Èkó á kú fin-ín. Ohùn ara ẹni á wá sún mọ́ ẹni létí, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀.

Apá rẹ̀ ló fi ń wọn aṣọ, láti àyà dé orí ìka. Bí oníbàárà bá ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ nà án dáadáa," á gbé aṣọ náà kalẹ̀, á wo onítọ̀hún títí ojú á fi tì í. "Apá mi ló gùn mọ báyìí," ni yóò wí. "Ọlọ́run tó dá a kò bi mí léèrè."

Bó bá kírun Àláásàrì tán nígbà mìíràn, á ní kí n kálọ sí Marina. A ó rìn, a kò ní sọ̀rọ̀, a ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sà níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Kì í wo ọkọ̀ òkun, kì í wo àwọn ilé ńláńlá tí àwọn òyìnbó kọ́ síbẹ̀. Á kàn jókòó, á kó ọwọ́ lé itan. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá Àgbà, kí lẹ máa ń wò?"

"N kò wo nǹkan kan. Ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní pè mí ni mo wá."

Àwọn ènìyàn ń pè é jù lóòótọ́. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ nínú agbo ilé, òun ni wọ́n á pè. Ṣùgbọ́n ìjà tirẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá a parí rẹ̀. Èyí tó pẹ́ jù ni ti òun àti Súlè, onípáànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Súlè, ó máa ń ṣe garawa, àdògán àti fìtílà, òòlù rẹ̀ kì í sì í sinmi láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Ariwo òòlù kọ́ ló dá ìjà sílẹ̀. Òjò tó bá rọ̀ sórí òrùlé Súlè, ẹ̀yìnkùlé wa ni gbogbo omi rẹ̀ ń dà sí. Ìyá Àgbà ní kó yí ojú ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Súlè ní bí bàbá òun ṣe bá a nìyẹn. Ni wọn kò bá kí ara wọn mọ́. Ọdún ń gorí ọdún, wọ́n á pàdé lójú ọ̀nà tóóró yẹn, èjìká á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká, kálukú á wo iwájú. Mo gbọ́ tó ń wí fún ògiri lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ròkè kí ará ìta lè gbọ́: "Omi orí ìwọ, kì í ṣe ọrùn èmi ló yẹ kó máa bọ́ sí."

Ìjà kejì, nínú ilé ló wà. Iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ni bàbá mi ń ṣe. Wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ọkọ̀, á máa fi òòlù gbá ìpẹtà kúrò lára irin. Láti kékeré ló ti wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti délé, tó wẹ̀, tó kírun, jìtá ló kàn. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ẹgbẹ́ olórin jùjú kékeré kan, wọ́n máa ń lọ ṣeré níbi ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó àti àyíká rẹ̀. Ìyá Àgbà kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ọmọ tí òun rán lọ ilé kéwú kò yẹ kó máa fi okùn wáyà jẹun. Síbẹ̀, ó ń fara dà á, torí jìtá onígi lásán kì í dún kọjá ẹ̀yìnkùlé.

Nígbà tó yá ni bàbá mi ra ohun tí wọ́n ń pè ní anpilifáyà lọ́wọ́ atukọ̀ kan tó ń padà lọ sílùú rẹ̀. Àpótí onígi ni, aṣọ híhun bò ó níwájú, sípíkà wà nínú rẹ̀. Ó wá de irin pẹlẹbẹ kan mọ́ abẹ́ okùn jìtá, ó fa wáyà láti ara rẹ̀ wọnú àpótí náà, ó sì fi àpótí sí iná ẹlẹ́ńtíríkì. Ìgbà àkọ́kọ́ tó fi ìka kan okùn, àwọn adìyẹ fò gun ògiri. Gbogbo ọ̀nà wa jáde wá wò ó.

Ohun tó wá ń bí Ìyá Àgbà nínú ni pé ohùn àpótí yìí ń ròkè sí i ni. Bó bá wà níwọ̀nba lóṣù yìí, bàbá mi á tún yí bọ́tìnì ohùn rẹ̀ sókè lóṣù tó ń bọ̀. Ìyá Àgbà á jáde, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á fi gèlè di etí.

"Àkànní!" Oríkì rẹ̀ ló fi máa ń pè é. "Àkànní, ṣé adití ló bí ọ ni?"

Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, á máa ta jìtá rẹ̀ lọ.

Mo ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà yé Ìyá Àgbà. Bàbá mi jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń to okùn jìtá. Kò tíì fi wáyà sí i. Ó tẹ orí ba, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé igi jìtá náà bí ẹni fẹ́ gé e jẹ. Ìyá Àgbà jáde pẹ̀lú abọ́ páànù tó fẹ́ fi ṣa ẹ̀wà. Ó pè é. Kò dáhùn. Ó tún pè é, ó sún mọ́ ọn sí i, ó tún pè é. Mo rí i tó dúró. Ó wo ẹ̀yìn orí ọmọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá gbé abọ́ yẹn sókè, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ sórí sìmẹ́ǹtì.

Ìró rẹ̀ pọ̀ débi pé Súlè pariwo láti òdìkejì ògiri pé kí ló bàjẹ́. Bàbá mi kò wẹ̀yìn. Ó ń yí èèkàn jìtá rẹ̀ lọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àgbọ̀n rẹ̀ sì wà lórí igi.

Ìyá Àgbà tẹ̀ ba, ó mú abọ́ náà nílẹ̀. Nígbà tó yíjú, ó rí i pé mò ń wò ó. "Àṣàkẹ́," ó ní, "pa ohun tí o rí mọ́. Ìtìjú ọkùnrin kì í ṣe ohun à ń sá sóòrùn."

Lálẹ́ ọjọ́ náà kọ́ ló bá a sọ ọ́. Ìdájí ọjọ́ kejì ni, lẹ́yìn ìrun Àsùbá, kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó fi ọwọ́ kàn án léjìká, ó jókòó síwájú rẹ̀ gan-an kó lè rí ẹnu òun.

"Láti ìgbà wo?"

"Kí lẹ wí, Ìyá mi?"

"Mo ní, láti ìgbà wo?"

Bàbá mi wo ilẹ̀. "Etí òsì ti lọ tipẹ́. Ọ̀tún ló ń bá mi ṣe é. Òun náà, ó ti ń rẹ̀ ẹ́." Ó ní òun ti lọ rí dókítà, dókítà ní òòlù inú ọkọ̀ ló pa á, èyí tó bá sì ti kú kò ní jí mọ́.

"O ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Bí mo bá sọ, ta ni yóò tún pè mí wá ta jìtá?" Ó wá gbójú sókè. "Ìyá mi, kò sí ohun mìíràn tí mo fẹ́ mọ́. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n gba orin mi sílẹ̀ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù kí ọ̀tún yìí tó lọ."

Ìyá Àgbà dìde lọ sídìí àdògán. Ó bu ẹ̀kọ fún un, ó jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Láti ọjọ́ náà ni kò ti bá a jà mọ́ nítorí ariwo. Bí ará àdúgbò bá wá fẹjọ́ sùn pé anpilifáyà Mùsílíù ń dí àwọn lọ́wọ́ oorun ọ̀sán, òun ni yóò pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. "Ilé mi ló ti ń dún," ni yóò wí. "Ẹni tí kò bá lè sùn, kó dìde kó lọ ṣiṣẹ́." Ó ya àwọn tó mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní ogbó ti dé.

Àpótí yẹn já bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, níbi tí wọ́n ti ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí ọmọlanke. Ìwé dúdú tó máa ń gbọ̀n nínú sípíkà, tó ń mú kó dún, ya láti àárín dé etí. Nígbà tí wọ́n tún tan án, ohùn jìtá ti há, ó ń fọ́n bí ẹni tí ọ̀fìnkìn mú. Bàbá mi kò gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀ dáadáa, ojú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fi mọ̀. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n gbé e wá. Ó gé ẹ̀já aṣọ funfun kan tó fúyẹ́, ó po lẹ́ẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibi tó ya, ó gbé e sí ibòji kó gbẹ. Kò sàn tán. Híhá yẹn dín kù, kò lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi ní kí wọ́n wá òmíràn rà, pé ohùn yìí kò dán mọ́.

"Ohùn tó bá ti jìyà kì í dán," Ìyá Àgbà ní. "Ẹ máa lò ó bẹ́ẹ̀."

Wọ́n lò ó bẹ́ẹ̀. Ohùn híhá yẹn gan-an ló jẹ́ kí Bọ̀dá Táyé fẹ́ gbọ́ wọn. Bọ̀dá Táyé ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù lápá Ìdúmọ̀tà, ó sì ní ẹ̀rọ kan tó fi ń gba ohùn àwọn olórin sílẹ̀. Ó dà bí àpótí ìrìn-àjò, kẹ̀kẹ́ méjì wà lórí rẹ̀, téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ á máa yí láti ara ọ̀kan bọ́ sára èkejì, ohùn á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Òkè òkun ló ń fi téèpù ránṣẹ́ sí kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ sínú àwo. Ó ní òun yóò gba orin bàbá mi, àfi pé ìsọ̀ òun kò dára fún un, torí fèrè mọ́tò ń wọlé láti ìta. Ó ń wá yàrá tó dákẹ́.

Ìyá Àgbà ló sọ fún un pé kó wá wo tòun.

Bọ̀dá Táyé dé, ó wọ yàrá aṣọ, ó ti ìlẹ̀kùn, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Pàtẹ́wọ́ náà kú lójú ẹsẹ̀, kò padà wá láti ibì kankan. Ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Ìyá! Ọlọ́run ló kọ́ yàrá yìí fún iṣẹ́ wa!"

"Ọlọ́run kọ́," Ìyá Àgbà ní. "Aṣọ tí n kò rí tà ni."

Ó wá la òfin sílẹ̀. Ọtí kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Bí wọ́n bá pe ìrun, ẹ̀rọ á dúró. Kí oníkálukú bọ́ bàtà. Wọ́n gbà. Wọ́n gbé máìkì ró, wọ́n to wáyà sílẹ̀, Bọ̀dá Táyé de ohun ìgbọ́hùn mọ́ etí rẹ̀ méjèèjì kó lè gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ ń gbọ́. Ó gbọ́ díẹ̀, ó yọ ọ́, ó mi orí.

"Òòlù yẹn," ó ní. "Ó ń gba inú ògiri wọlé. Bí ẹni ń kan pósí ló ń dún nínú ẹ̀rọ. Ìyá, kò ní ṣeé ṣe."

A dákẹ́, gbogbo wa sì gbọ́ ọ: kọ́n, kọ́n, kọ́n. Súlè ni. Bàbá mi nìkan ni kò gbọ́. Ó di jìtá rẹ̀ mú, ó ń wò wá láti ojú dé ojú, ó ń wá ohun tó ṣẹlẹ̀ kiri. Kò fẹ́ bèèrè, torí bó bá bèèrè, Bọ̀dá Táyé á mọ̀.

Ojú yẹn ni Ìyá Àgbà kò lè fara dà. Ó wọ bàtà, ó jáde. Mo tẹ̀ lé e.

Súlè jókòó sẹ́nu ìsọ̀ rẹ̀, ó gbé páànù lé irin. Nígbà tó rí i pé Ìyá Àgbà dojú kọ òun, ó gbé òòlù dúró lókè, ó ti múra ìjà. Mo rò pé ìjà náà ni. Ìyá Àgbà tó ń pe Súlè ní "ìwọ" láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú, tó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún jù ú lọ, kúnlẹ̀ sórí èérún páànù.

"Ẹ kú iṣẹ́," ó ní. "Mo wá bẹ̀ yín ni."

Súlè ju òòlù sílẹ̀. "Áà! Ìyá! Ẹ dìde, ẹ dìde jọ̀ọ́, ẹ má pa mí! Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ kò ṣe nǹkan kan. Ẹ bá mi dá òòlù dúró ní Ọjọ́bọ̀, láti ìgbà tí a bá kírun Àìlà tán títí di Àláásàrì. Mùsílíù fẹ́ gba orin rẹ̀ sílẹ̀."

Súlè wò ó. Ẹnu rẹ̀ ṣí. "Orin? Orin tí ẹ̀yin fúnra yín máa ń bú, tí mo máa ń gbọ́ láti orí ògiri?"

"Òun ni."

"Ìyá, iṣẹ́ ọwọ́ mi lẹ ní kí n gbé sílẹ̀ yẹn."

"Mo mọ̀."

"Nítorí jìtá."

Ìyá Àgbà kò tíì dìde. Ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹnikẹ́ni wà nítòsí, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Etí rẹ̀ ń lọ. Bí kò bá gbà á báyìí, kò ní lè gbà á mọ́. Èmi tí mo ń bú u kò mọ̀ pé nítorí kó lè gbọ́ ló ṣe ń yí i sókè."

Súlè gbé páànù kúrò lórí irin. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ọwọ́ náà dúdú, ó sì fi dúdú sí iwájú orí rẹ̀. Ó wá na ọwọ́ kejì sí i. "Ẹ dìde, Ìyá. Èmi náà mọ ohun tí òòlù ń fi etí ṣe."

Ní Ọjọ́bọ̀ náà, Súlè kò kan páànù. Èyí tí a kò bẹ̀ ẹ́ fún ló tún ṣe. Ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà tóóró wa, ó wọ agbádá, ó jókòó bí olóyè. Ẹni tó bá ń polówó ọjà bọ̀, á gbé ìka sẹ́nu: "Ẹ rọra kọjá. Ìyá Mùsílíù ń ṣe nǹkan."

Nínú yàrá, ooru mú gan-an. Wọn kò lè ṣí fèrèsé. Bàbá mi jókòó láàárín, anpilifáyà wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó ń lu ìlù jùjú wà lápá kan, oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lápá kejì. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé nínú yàrá tó gbé ohùn mì bẹ́ẹ̀, bàbá mi kò gbọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Bó bá gbé àgbọ̀n lé jìtá, ó ń gbọ́ tara rẹ̀ láti inú egungun. Tiwọn ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó sáré ju wọn lọ, wọ́n dúró, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ó tún sáré. Bọ̀dá Táyé ń nu òógùn, ó ń wo téèpù tó ń ṣòfò.

Ìyá Àgbà fa àpótí kan, ó jókòó síwájú bàbá mi, orúnkún kan orúnkún. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí itan. Nígbà tí oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lu ìlù náà sí itan ọmọ rẹ̀. Obìnrin tí kò pàtẹ́wọ́ sí orin jùjú rí láyé rẹ̀, kò ṣì í lù rárá. Bàbá mi tẹjú mọ́ ọn, kò wo okùn jìtá, kò wo ẹlòmíràn. Bí wọ́n ṣe gba orin àkọ́kọ́ nìyẹn, àti èkejì, àti ẹ̀kẹta.

Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá tán, kì í ṣe Bọ̀dá Táyé ni bàbá mi ń wò kó tó mọ̀ bóyá ó dára, Ìyá Àgbà ni. Nígbà tí Bọ̀dá Táyé ní ẹ̀kẹta dára, Ìyá Àgbà ní kí wọ́n tún un ṣe.

"Ìyá, kò sí ohun tó ṣe é o."

"Fún ẹ̀yin, kò sí. Ẹ ó gba òmíràn lọ́la. Òun, èyí ló ní."

Wọ́n tún un ṣe.

Orin tó ṣẹ́kù jẹ́ orin tó rọra. Bọ̀dá Táyé ní ohùn jìtá nínú yàrá aṣọ ti gbẹ jù fún un, pé òun fẹ́ kó ní gbohùngbohùn lẹ́yìn, bí ẹni tó ń kọrin nínú mọ́ṣáláṣí tó ṣófo. Ó bèèrè bóyá a ní táńkì omi tó gbẹ. A kò ní. Kànga kan wà lẹ́yìnkùlé tí ọkọ Ìyá Àgbà gbẹ́ kó tó kú, tí omi rẹ̀ ti gbẹ kí wọ́n tó bí mi, tí a fi pákó bò. Bọ̀dá Táyé wo kànga náà, ó wo Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà kò fẹ́. Mo rí i pé kò fẹ́. Ó ní kí wọ́n ṣí i.

Wọ́n fi okùn sọ àpótí anpilifáyà sínú kànga, wọ́n sọ máìkì kan kalẹ̀ lókè rẹ̀, wọ́n fa wáyà gba ojú fèrèsé wọlé. Bàbá mi jókòó sórí etí kànga. Ó fi ìka kan okùn kan ṣoṣo. Ohùn híhá yẹn lọ sísàlẹ̀, ó yí ògiri kànga ká, ó padà gòkè wá, ó ti fẹ̀, ó ti jìn, ó tún padà lọ. Gbogbo wa dúró. Ara mi bù máṣọ.

Bàbá mi ń wò wá. "Ṣé ó ń dún? Kí ló ń ṣe?"

Ìyá Àgbà súnmọ́ ọn. Ojú rẹ̀ ti kún. Ó gbé ẹnu sí etí ọ̀tún yẹn, ó sì sọ ọ́ ní ohùn rara tí àwa náà fi gbọ́:

"Bàbá rẹ ń dá ọ lóhùn."

Ó ní àsìtàfírúlà, ó bẹ Ọlọ́run kó dárí ọ̀rọ̀ náà ji òun, ó padà lọ jókòó. Bàbá mi ta orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀ẹ̀kan péré, wọn kò tún un ṣe. Bó ṣe tán ni wọ́n pe Àláásàrì.

Ó pẹ́ kí rẹ́kọ́ọ̀dù tó dé. Èkó kò dúró nítorí rẹ̀. Wọ́n ra díẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ níbi ìgbéyàwó bíi mélòó kan, àwọn mìíràn dé, wọ́n gbàgbé rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ gbé e sórí gíramafóònù nílé, etí ọ̀tún bàbá mi ti lọ tán. Ìyá Àgbà jókòó síwájú rẹ̀ bíi ti ọjọ́sí, ó ń fi ọwọ́ lu ìlù sí i nítan, bàbá mi ń mi orí, ó ń mọ ibi tí orin dé. Súlè wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ọ dé òpin, ó ní kí a yí i padà sí ojú kejì. "Ẹ kò mọ̀," ó wí fún àwọn tó wà níbẹ̀. "Dídákẹ́ mi wà nínú orin yẹn."

Wọ́n ń kí ara wọn láti ìgbà náà. Omi òjò kò sì yí ọ̀nà padà. Wọ́n ṣì ń jà nítorí rẹ̀, àfi pé wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè àlàáfíà ara wọn.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ohun tó tẹ̀ lé e kò rọrùn. Bàbá mi fi iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀, ó wá bá Ìyá Àgbà níbi aṣọ. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá bá a sọ, Ìyá Àgbà ló ń tún un sọ fún un, tó ń fi ẹnu ṣe é pẹ̀lẹ́, kó lè rí i. Iye tí oníbàárà dá. Àlàyé tí àlùfáà ṣe lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Àwàdà, tí ẹ̀rín á ti tán lẹ́nu gbogbo ènìyàn kó tó dé ọ̀dọ̀ bàbá mi, tí òun nìkan á sì wá máa rẹ́rìn-ín. Àwọn ìgbà kan wà tí bàbá mi á bínú pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ òun, á kó aṣọ tú ká. Ìyá Àgbà á dúró kó bínú tán, á tún wọn ká. Kò lọ sí Marina mọ́. Mo ní kó sinmi, pé èmi náà lè máa tún ọ̀rọ̀ sọ fún bàbá mi. Ó ní ẹnu mi yára jù. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó pa ojú dé.

"Ó rẹ̀ mí, Àṣàkẹ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n ta ni n ó gbé e fún?"

Àìsàn tó pa á kò pẹ́ lára rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó lọ, èmi àti bàbá mi la wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Láti àárọ̀ ni kò ti gba oúnjẹ, kò gba omi, gbígbé mì ti ń ni ín lára. Ó la ojú, ó wo bàbá mi, ó ní, "Ọmọ mi." Ètè rẹ̀ ti gbẹ, kò ṣí ẹnu tó bó ṣe máa ń ṣí i. Bàbá mi tẹ̀ síwájú, ó tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀. Ó tún wí i: "Ọmọ mi."

Bàbá mi dìde kíá. "Omi," ó wí fún mi bó ṣe ń jáde. "Omi ló ń bèèrè."

Mo fẹ́ pè é padà. Pípè wo? Mo yíjú sí Ìyá Àgbà. "Omi kọ́ lẹ wí. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún un."

Ó mi orí díẹ̀. "Fi í sílẹ̀," ó ní. "Ó ti sáré lọ bù ú."

Bàbá mi gbé ife wọlé, ó fi apá gbé orí rẹ̀ sókè. Ìyá Àgbà mu ún. Ó ń mu ún díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró mí, ó tún ń mu, títí kò fi ku nǹkan kan nínú ife, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lójú ọmọ rẹ̀. Kí wọ́n tó pe Mágàríbà, ó ti lọ.

Báyìí, bí àwọn èèyàn bá wá kí wa, bàbá mi á sọ fún wọn pé omi ni ohun tí ìyá òun bèèrè kẹ́yìn, pé òun sì fún un mu. Ó ń fi í tu ara rẹ̀ nínú. Mo jókòó tì í, mo ń gbọ́ ọ, n kò sọ̀rọ̀. Mo ti gbé e kiri lọ́kàn láti ìgbà tí a ti padà láti itẹ́ òkú, ó sì ti rẹ̀ mí. Bàbá mi kò gbọ́ràn mọ́, ṣùgbọ́n ó mọ̀wé kà. Bó bá kà á dé ibí yìí, kó mọ̀ pé kì í ṣe omi. Òun ni ìyá rẹ̀ ń pè.